Ẹ má da eérú sídìí ixora tó ń pọ́n

Ní Ìkòròdú, bí ewé ixora tí wọ́n fi ṣọgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ ní kéèyàn ṣe ni pé, "Ẹ bu eérú sídìí ẹ̀." Eérú ń ṣe ẹ̀fọ́ lóore lóòótọ́. Àmọ́ ní ti ixora, ṣe ló ń dá kún àìsàn náà.

Ìbátan kọfí ni ixora, gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka ló ti wá. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ló fẹ́, pH (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó) 5 sí 6. Eérú kò kan rárá: omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ẹ sì mọ bó ṣe ń ta. Bí irú ẹ̀ bá pọ̀ nílẹ̀, irin inú ilẹ̀ kò ní yòrò, gbòǹgbò kò sì ní rí i fà. Láìsí irin, ewé kò lè tutù. Ìdí nìyí tí ìṣó dídípẹtà táwọn kan ń rì síbẹ̀ kì í fi í ṣiṣẹ́. Irin pọ̀ nínú ilẹ̀ pupa wa, igi náà ni kò rí i mú.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí ògiri ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà á da àṣẹ́kù sìmẹ́ǹtì àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, wọ́n á wá fi erùpẹ̀ bò ó, wọ́n á gbin òdòdó lé e. Ẹ kán fínígà sórí ilẹ̀ ibẹ̀ tó bá gbẹ. Bó bá hó, ó ṣeé ṣe kí sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀, òun náà kò sì kan, bíi ti eérú.

Ẹ wo ewé dáadáa. Bó bá jẹ́ ewé tuntun lókè ló pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù, irin ni kò rí. Bó bá jẹ́ ewé àgbà nísàlẹ̀, ajílẹ̀ ló ń fẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá pọ́n, tí ilẹ̀ sì rin gbingbin, gbòǹgbò ti ń jẹrà nìyẹn, ẹ dáwọ́ omi dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbìn, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 jìnnà sí ògiri. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1½, kẹ́ ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù kúrò. Erùpẹ̀ dúdú ìwọ̀n 2, ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà ìwọ̀n 1, ni kẹ́ ẹ fi dí i. Ẹsẹ̀ bàtà 1½ ni kó wà láàárín igi kan sí èkejì.

Èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ha eérú kúrò, kẹ́ ẹ ro ìyẹ̀fun imí ọjọ́, tó ń mú kí ilẹ̀ kan, ṣíbí ìjẹun 1 fún igi kan, mọ́ ojú ilẹ̀. Ẹ má tún un ṣe láàárín oṣù 3, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, àmọ́ kó má kan igi. Ewé tó ti pọ́n lè má tutù mọ́. Èyí tó bá yọ lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ máa wò.