Adágún Ni Mo Ní Ká Lọ, Kì í Ṣe Òde Ìnáwó

Ẹ bá mi gbọ́ o, torí bí n kò bá sọ ọ́ síta lónìí, inú á bẹ́ mi. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣètò ìrìn-àjò ọjọ́ méjì péré fún ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní àdúgbò wa ní Kúbwá. Adágún Pandam, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ni a fẹ́ lọ. Nguru ni mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn, níbi tí àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Yúróòpù ti máa ń wá sá òtútù lásìkò ọyẹ́, ṣùgbọ́n láti Àbújá dé Yobe kì í ṣe ìrìn òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀nà náà sì ń kọ gbogbo wa lóminú. Pandam sún mọ́ wa díẹ̀: Keffi, Akwanga, Lafia, ẹ yà.

Èèyàn mẹ́jọ ni mo kọ sílẹ̀. Mẹ́jọ. Ọkọ̀ onígi méjì, mẹ́rin nínú èyí, mẹ́rin nínú ìyẹn, kí àwọn apẹja ibẹ̀ fi àjẹ̀ tù wá, kí owó wa lè wọ àpò wọn. Kí oòrùn tó yọ, a ti wà lórí omi, nígbà tí ẹyẹ ń jẹ̀. Aṣọ tó bá àwọ̀ koríko mu. Kálukú á gbé omi rẹ̀ sínú ìgò tó ń lò nílé, ohun tí a bá sì gbé wọlé, àwa náà la ó gbé e jáde. Ẹ̀ṣọ́ kan á wà pẹ̀lú wa, torí erinmi ń bẹ nínú omi yẹn, erinmi kì í sì í bá àlejò ṣeré. Kí ló le nínú èyí? Ṣé mo ní kí ẹnikẹ́ni gbààwẹ̀ ni?

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ lálẹ́ Sọ́ńdè. Kí n tó jí ní Mọ́ńdè, mẹ́jọ ti di mọ́kànlélógójì.

Àǹtí wa kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ló kọ́kọ́ bèèrè àǹkárá tí a ó lò. Mo pè é ní àwàdà. Nígbà tó fi di ọ̀sán, wọ́n ti mú aṣọ ẹbí: pupa fòò, pẹ̀lú yẹ́lò tó ń kọ mànà, àti gèlè tó bá a lọ. Gèlè! Nínú ọkọ̀ ojú omi! Ẹyẹ tó bá rí irú wa lókèèrè, Kamẹrúùnù ló máa balẹ̀ sí. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ojú ẹyẹ mọ àwọ̀ ju ojú èèyàn lọ. Èsì tí mo gbà ni pé, "Akọ̀wé, ṣé ẹyẹ ló máa wo fọ́tò wa ni?"

Ọ̀rọ̀ aṣọ kò tíì tán nílẹ̀ tí Bọ̀ọ̀dá kan fi ní òun á gbé súpíkà méjì wá, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré tó máa gbé e. Jẹnẹrétọ̀, lórí omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹran kan wà nínú adágún yẹn tí àwọn Hausa ń pè ní ayú. Ẹran ńlá ni, koríko omi ló ń jẹ bíi màlúù, bó bá sì fẹ́ mí, ihò imú nìkan ló máa ń yọ síta fẹ́ẹ́, a tún rì padà. Ó ti ń tán lọ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún wákàtí méjì pàápàá, bóyá ló máa rí i. Ẹ̀yin wá fẹ́ fi fújì pè é jáde.

Ìgbà tí mo ní ká má gbé píọ̀ wọ́tà dání ni ilé wó. Ogún àpò ni wọ́n ti kọ sínú ìwé. Ogún ọ̀rá ló wà nínú àpò kan, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: irinwó ọ̀rá, ká má tíì dé orí abọ́ tékèwé ìrẹsì àti ike ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Alága wa dá mi lóhùn pé kí n fọkàn balẹ̀, omi á gbé e lọ. Gbé e lọ síbo, Alága? Adágún ni o! Orúkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ fún wa: ó dá, ó gún. Ọ̀rá tí ẹ bá jù síbẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ ó bá a níbẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá òní. (Èmi náà kò mọ́ tán, mo ti ju ọ̀rá sí ojú títì Nyanya rí nínú gosiló. Ojú tì mí. Ṣé ojú ń ti ẹ̀yin?)

Alága tún bèèrè kí ló wà níbẹ̀ gan-an, ṣebí omi lásán ni. Omi lásán tí gbogbo ayé torí irú rẹ̀ ṣe àdéhùn ní Ramsar, ní ilẹ̀ Iran, lọ́dún 1971! Nàìjíríà wọ àdéhùn náà ní 2001. Mọ́kànlá péré ni àbàtà àti adágún wa tó wọ ìwé wọn. Pandam pẹ̀lú adágún Wase wọ̀ ọ́ ní 2008. Bẹ́ẹ̀ ẹnu wa yìí náà la fi ń ṣàdúrà láràárọ̀ pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ẹ wá fẹ́ dé ibi tí òṣíbàtà tẹ́ ewé pẹrẹsẹ, tí ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí ẹní, kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì là á kọjá gbàràgàdà.

Ẹ́ńjìnnì! Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Torí pé ọkọ̀ onígi méjì kò lè gba èèyàn mọ́kànlélógójì, wọ́n lọ bá alágbàtà kan, wọ́n ní kí n lọ wo ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a, lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí mọ́tò ń fà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ ọ dé láti odò Ọya. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà. Koríko omi kan lọ́ mọ́ ọn, ó ṣì tutù, òdòdó àlùkò ṣì wà lórí rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, òun ni òyìnbó ń pè ní "water hyacinth". Òun ló gba ìhà Badagry wọlé wá lọ́dún 1984 tó fi gba ojú ọ̀sà mọ́ àwọn apẹja lọ́wọ́. Ẹ̀ka rẹ̀ kan ṣoṣo tó bá já sínú omi tuntun, ó ti di agbo ilé. Mo ní kó fọ ọkọ̀ náà, kó sá a gbẹ dáadáa kó tó gbé e lọ síbikíbi. Ó wò mí bí ẹni tó ní kó fi ọṣẹ wẹ ewúrẹ́.

Epo ń kán tó, tó, sínú agolo mílíìkì tó gbé sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀ ni, tí apá kan epo kì í jó tán, inú omi ló ń gbà lọ. Mo bèèrè láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Mẹ́fà ló kó wá. Méjì kò ní ìdè, eku ti bímọ sínú ọ̀kan. Ó ní ẹni tó bá nígbàgbọ́ kò nílò rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìgbàgbọ́ ló mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni?

Mo délé, mo ròyìn fún ẹgbẹ́. Ìyẹn ni pé mo kọ lẹ́tà gígùn, mo tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò mọ̀. Ẹnì kan tẹ àtàǹpàkò sí i. Àǹtí wa fi nọ́ńbà àkáǹtì tẹ̀ lé e: owó aṣọ, N16,000, gèlè lọ́tọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ti san owó aṣọ. Owó àwọn apẹja tí mo ti bá dúnàádúrà láti oṣù tó kọjá, N5,000 péré lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, èèyàn méjì ló san án. Èmi ni ọ̀kan. Ìyàwó mi ni ìkejì.

Alága, ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín o. Ẹ dákun, N10,000 wa tó wà lọ́wọ́ akápò, ẹ jẹ́ kó wọ àkáǹtì mi kí ilẹ̀ òní tó ṣú.