Antigone Kò Rin Ìrìnàjò Akọni

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ tíátà láti Yábàá dé Akọ́ka: pé kò sí ìtàn gidi tí kì í tẹ̀ lé ìrìnàjò akọni. Akọni á gbọ́ ìpè, á kọ́kọ́ lọ́ra, àgbà kan á tọ́ ọ sọ́nà, á fi ilé sílẹ̀, á la ìṣòro kọjá, á sì mú ire bọ̀. Wọ́n á wá ní Antigone, ọmọbìnrin inú eré Sophocles, òǹkọ̀wé eré ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, náà rìn ín. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Joseph Campbell, ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ àlàyé yìí di ìlú-mọ̀ọ́ká nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1949. Ìtàn ìwáṣẹ̀ àti àlọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó yẹ̀ wò. Mọrèmi tiwa bá a mu wẹ́kú, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Yunifásítì Èkó. Ó kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó jẹ́ kí àwọn Ugbò mú òun lọ, ó gbọ́ àṣírí wọn, ó sì gbé e wálé. Ó fi ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́, ṣùgbọ́n ìlú rí ìgbàlà.

Antigone ńkọ́? Àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì ti pa ara wọn lójú ogun. Creon ọba, arákùnrin ìyá rẹ̀, ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sin Polynices, ọ̀kan nínú wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọbìnrin yìí ti pinnu. Kò lọ́ra. Ismene, ọmọ ìyá rẹ̀, lẹ̀rù ń bà. Kò sí àgbà tó tọ́ ọ sọ́nà, kò sì kúrò nílùú.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Wọ́n bá eruku gbígbẹ tó dà sára òkú Polynices láti fi sin ín, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì gbá a kúrò. Lọ́sàn-án gangan ìjì eruku jà, nígbà tó rọlẹ̀ wọ́n rí i tó ń ké bí ẹyẹ tó bá ìtẹ́ rẹ̀ lófìfo. Ó tún bu eruku, ó ta ohun mímu sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta fún òkú. Wọ́n mú un, kò sẹ́. Wọ́n há a mọ́ inú ihò àpáta láàyè, ó pokùnso. Nígbà tí wọ́n mú un lọ, eré ṣì kù bí ìdá kan nínú mẹ́ta! Haemon, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, pa ara rẹ̀, ìyá Haemon náà tẹ̀ lé e. Ire wo ló mú bọ̀? Creon ló yí padà, ó sì ti pẹ́ jù.

Àwọn kan á ní ayé lọjà, ọ̀run nilé, ikú rẹ̀ gan-an ni ìpadàbọ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo òkú ti rin ìrìnàjò akọni nìyẹn, òṣùwọ̀n náà ò wọn nǹkan kan mọ́. Antigone fúnra rẹ̀ sunkún lójú ọ̀nà ihò náà pé òun ò rí ìgbéyàwó, òun ò tọ́ ọmọ.

Àwọn òṣèré ni ọ̀rọ̀ yìí ń pa lára jù. Wọ́n á ní kí ẹni tó ń ṣe Antigone máa gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀, kó lè rí àyè láti di akọni. Kò sí ìbẹ̀rù yẹn nínú ohun tí Sophocles kọ. Bí ẹ bá ń gbé e sórí ìtàgé ní Freedom Park l'Ékòó, lórí ilẹ̀ tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba òyìnbó wà tẹ́lẹ̀ ní Broad Street, ẹ jẹ́ kó wọlé bí ẹni tó ti pinnu tán. Ismene ni kó máa gbọ̀n.