Ìṣọ̀lá méjì ni wọ́n, ẹ má pa wọ́n pọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ pé olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni wọ́n ń pè ní "I Sho Pepper", pé àwọn ni wọ́n kó òṣèré jọ ṣe Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré lórí Ìyálóde Ìbàdàn ayé àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, gbajúmọ̀ onítíátà, ni I Sho Pepper. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé eré náà lọ sí pápá ìṣeré n'Ìbàdàn lọ́dún 1981. "Honestman" ni orúkọ tí wọ́n fi ń ṣàpọ́nlé Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìṣọ̀lá ni wọ́n kọ ìwé eré náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n nígbà náà ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọn ò tíì di olùkọ́ n'Ífẹ̀ rárá. Èdè Faransé ni wọ́n sì kà níbẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu! Ọdún 1991 ni wọ́n tó di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Mi ò ní kí ẹ má yin Ògúnṣọlá. Ọ̀pọ̀ tí kò ṣíwèé náà rí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti mọ Adétutù, ẹrú tí Ìyálóde Ẹfúnṣetán ní kí wọ́n bẹ́ lórí torí pé ó lóyún. Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ gbígbóná tó ń jáde lẹ́nu Ìyálóde yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ Honestman ni. Ẹ bá wa tún un kọ.