1847 Tó Wà Lẹ́yìn Ṣíbí Rogers Kì Í Ṣe Ọdún Tí Wọ́n Ṣe É

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ṣòro kí ènìyàn dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àtijọ́, ìbáà jẹ́ ojú gbàǹjo tàbí ilé olóògbé tí àwọn ọmọ ń kó ẹrù rẹ̀ tà, kí ó má rí ṣíbí àti fọ́ọ̀kì tó ń dán bíi fàdákà, tí wọ́n tẹ "1847 Rogers Bros." sí ẹ̀yìn ọwọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ọdún tí wọ́n ṣe ṣíbí náà nìyẹn, tí wọ́n sì ń san owó ohun tó ti lé ní 170 ọdún lé e lórí. Àwọn tó ń tà á pàápàá máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìpolówó wọn, púpọ̀ nínú wọn láìní ẹ̀tàn lọ́kàn, nítorí pé bí àwọn òbí wọn ṣe sọ ọ́ fún wọn nìyẹn. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà rárá. Ara orúkọ ọjà ni 1847 yẹn.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta, William, Asa àti Simeon Rogers, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣíbí tí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ fàdákà mọ́ lára ní 1847, ní ìlú Hartford ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ọgbọ́n náà kò tíì pẹ́ láyé nígbà náà, torí pé 1840 ni àwọn Elkington, ìdílé oníṣẹ́ fàdákà kan, gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á ri ṣíbí tí a fi irin olówó pọ́ọ́kú ṣe sínú omi tí a po fàdákà àti kẹ́míkà mọ́, wọ́n á fa iná sí i, fàdákà á sì máa bò ó díẹ̀díẹ̀. Orúkọ àwọn ará Rogers kàn débi pé àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ń fi orúkọ Rogers sára ọjà tiwọn. Nígbà tí Meriden Britannia Company, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Meriden ní 1852, gba iṣẹ́ àwọn ará náà ní 1862, wọ́n fi ọdún tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ṣáájú orúkọ, kí oníbàárà lè mọ Rogers tí wọ́n ń tà yàtọ̀ sí àwọn Rogers yòókù. Ní 1898, ilé-iṣẹ́ yìí àti àwọn mìíràn para pọ̀ di International Silver Company, èyí tó ń tẹ 1847 sára ọjà rẹ̀ títí wọ inú ọ̀rúndún ogún lọ jìnnà.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ṣíbí náà fúnra rẹ̀. Ọnà tí wọ́n ń pè ní "Vintage", tí èso àjàrà yọ lójú rẹ̀, 1904 ló jáde. "First Love" jáde ní 1937, "Eternally Yours" ní 1941, "Heritage" ní 1953, gbogbo wọn ló sì ní 1847 lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí lẹ́tà "IS" níbẹ̀, International Silver ni, kò sì ṣeé ṣe kí irú ohun bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú 1898. Ọdún tí ọnà kan jáde pàápàá kò sọ ju pé ṣíbí náà kò lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọnà tó bá tà dáadáa, wọ́n lè máa ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àṣà yìí kì í ṣe ti Rogers ti Meriden nìkan: "1881 Rogers" wà lára ọjà Oneida, ilé-iṣẹ́ ṣíbí mìíràn ní Amẹ́ríkà, "1835 R. Wallace" náà sì wà, tí ó ń tọ́ka sí ọdún tí Robert Wallace bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣíbí.

Àṣìṣe kejì máa ń tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, òun ni pé fàdákà látòkè délẹ̀ ni ṣíbí náà. Fàdákà gidi ti Amẹ́ríkà máa ń ní "STERLING" lára, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdá 925 nínú 1000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Ní ti èyí tí a fi fàdákà bò, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni bíi gíráàmù 62 fàdákà fún ṣíbí tíì 144, èyí tí kò tó ìdajì gíráàmù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kódà èyí tí wọ́n kọ "quadruple plate" sí, tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, kò gba gíráàmù méjì. Bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síǹkì ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀, nítorí náà kò sí èrè kan tí ẹni tó bá fẹ́ yọ́ ọ tà yóò rí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹni tí wọ́n tà á fún lówó gọbọi sábà máa ń kórìíra rẹ̀ nígbà tó bá mọ òtítọ́, á sì jù ú nù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọnà tó rẹwà ni. Ìdì àjàrà "Vintage" ṣì ń wu ojú, ẹni tó bá sì fẹ́ràn rẹ̀ lè rà á ní iye tó yẹ ẹ́. Ẹ yí ikùn ṣíbí padà kí ẹ wo ibi tó ń fara kan tábìlì, ẹ sì wo orí eyín fọ́ọ̀kì, nítorí ibẹ̀ ni fàdákà ti máa ń kọ́kọ́ ṣí, tí àwọ̀ irin abẹ́ rẹ̀ á yọ. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ni orúkọ ọnà náà. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "Vintage, ọnà ọdún 1904, fàdákà ni a fi bò ó, kò tíì ṣí níbì kankan" ti sọ gbogbo ohun tí olùrà nílò láti mọ iye tí yóò san.