Ìdí hẹlikọ́pítà, ìdí mọ́tò

Ní Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù keje 2020, wọ́n sin Flying Officer Tolúlọpẹ́ Arótilé sí itẹ́ òkú àwọn ológun ní Àbújá, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ tó tọ́ sí jagunjagun. Ọmọ ọdún 24 ni. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikọ́pítà ogun ní Nàìjíríà. Ọmọ Iffe ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí, ni, ṣùgbọ́n ẹkún rẹ̀ dé Ìjẹ̀bú, ó dé Rẹ́mọ. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ náà kò bà nínú jẹ́.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nínú àbọ̀ ìwádìí lórí ikú rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ológun òfurufú gbé jáde ní ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù keje, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹni tó wà nídìí mọ́tò tó gba ẹ̀yìn kọ lu ọmọ náà kò ní ìwé ìwakọ̀ tó bófin mu. Ibẹ̀ ni ìwé ìròyìn yìí dúró sí. Ibẹ̀ náà la ti wà tipẹ́, ẹ̀yin òǹkàwé wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ Arótilé kí wọ́n tó gbé hẹlikọ́pítà ogun lé e lọ́wọ́. Oṣù kẹsàn-án 2012 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, NDA, ní Kàdúná. Kò tíì pé ọmọ ọdún 17. Ọdún márùn-ún ló fi kọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti iṣẹ́ ogun kí wọ́n tó fún un lóyè ní oṣù kẹsàn-án 2017. Síbẹ̀, kò tíì débì kankan. Wọ́n rán an lọ sí South Africa láti kọ́ bí a ti ń wa hẹlikọ́pítà. Ó tún lọ kọ́ ti Agusta 109 Power, tí í ṣe hẹlikọ́pítà ogun, ní Ítálì. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìyẹ́ awakọ̀ òfurufú sí i láyà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní ọdún méje.

Kì í ṣe pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́. Kò sí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó ń sinmi nídìí hẹlikọ́pítà. Ọwọ́ òsì ló ń gbé e sókè tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń darí ibi tí yóò forí lé, ẹsẹ̀ méjèèjì sì wà lórí pẹ́dàlì tó ń mú ìrù rẹ̀ dúró kó má baà máa yí bí òkòtó. Ìrù yẹn gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù jù nígbà tó bá wà nílẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń yí kíkankíkan débi pé ojú kì í rí i mọ́, awakọ̀ tó jókòó níwájú kò sì lè rí ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wá. Nítorí náà, iwájú ni wọ́n ń kọ́ gbogbo ènìyàn láti gbà, níbi tí ojú awakọ̀ ti tó wọn, ẹnì kan á sì dúró nílẹ̀ tí yóò máa fọwọ́ júwe fún un. Irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ yìí gbà nìyẹn: ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ikú wà.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni ikú ti wá bá a. Kì í ṣe lẹ́nu iṣẹ́ Operation Gama Aiki tó ti ń kojú àwọn agbébọn láti Minna. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù keje, ní ìrọ̀lẹ́, nínú bárékè ológun òfurufú ní Kàdúná, ó ń fẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́. Mọ́tò kan kọjá lára rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n wà nínú ẹ̀. Wọ́n dá a mọ̀, ẹni tó ń wa mọ́tò náà sì fi rìfáàsì sí i kó lè tètè bá a. Ẹ̀yìn ni mọ́tò ti gbá a, ó forí gbálẹ̀, mọ́tò sì tún gun àwọn ibì kan lára rẹ̀ kọjá.

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ́ bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ ìkọ̀kọ̀ kan wà nínú ẹ̀. A kò rí ẹ̀rí tí a ó fi tẹ̀lé wọn. Ológun òfurufú ní ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni àwọn tọ́rọ̀ kàn ń lọ. Kí ilé ẹjọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi "ọ̀rẹ́ ni wọ́n" bo ẹjọ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn tó ń wá ọ̀tá ìkọ̀kọ̀ kiri kò rí èyí tó wà ní gbangba.

Ní Òkè-Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá kan wà tó ń ta gààrí. Igi kan kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀. Kì í ṣe ewúrẹ́ ló fi ń lé. Bí mọ́tò bá ti ń fi ẹ̀yìn bọ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ìyá náà á nawọ́ gán igi, á fi lu búùtù mọ́tò náà gbà, gbà, gbà, títí awakọ̀ á fi dúró. Ó ní mọ́tò ti tẹ abọ́ gààrí òun lẹ́ẹ̀mejì, òun kò sì ní dúró kó tẹ ọmọ-ọmọ òun tó ń sùn lábẹ́ tábìlì. Àwọn awakọ̀ a máa bú u. Àwọn mìíràn nínú wọn, ojú wọn kò ju ti ọmọ ọdún 15 lọ, ọ̀gá ló rán wọn níṣẹ́. Òfin ní ẹni tó bá pé ọdún 18 ló lè gba ìwé ìwakọ̀. Ta ló bi wọ́n? Lọ́jọ́ tí a dé ibẹ̀, igi ìyá yẹn nìkan ni ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí a rí.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa lọ gba ìwé ìwakọ̀ lọ́dún tó kọjá. A kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní kó tẹ̀ka, ó sanwó, ó lọ sílé. Kò sẹ́ni tó ní kó wa mọ́tò lọ síwájú, áḿbọ̀tórí pé kó fi ẹ̀yìn rìn wọ àárín igi méjì. Nígbà tó béèrè ìgbà tí wọ́n máa dán òun wò, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò mọ mọ́tò wà ni?" Ó mọ̀ ọ́n wà. Ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà ni kò mọ̀ ọ́n wà, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì gbà.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára ju ẹlòmíràn lọ ní agbègbè yìí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà Rẹ́mọ, ni alága àkọ́kọ́. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1977, wọ́n ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà yẹn, nítorí bí mọ́tò ṣe ń pa àwọn ọmọ fásitì lọ́nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ikú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé ló bí iṣẹ́ yìí. Ẹ wá wo ibi tí a bá a dé. Àjọ mẹ́ta ló pín iṣẹ́ láísẹ́ǹsì láàárín ara wọn: VIO, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ mọ́tò wò, ló yẹ kó dán awakọ̀ wò, ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ ló ń gbowó, FRSC ló ń ya fọ́tò tó sì ń tẹ ìwé. Bí a bá bi ọ̀kan, á nàka sí èkejì. Owó ìtanràn ẹni tí wọ́n bá mú láìní láísẹ́ǹsì sì jẹ́ 10,000 náírà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ẹ̀yin ọ̀gá! Kò tó ra táyà tuntun kan.

A ti kọ ọ́ sójú ewé yìí, a sì tún un kọ, pé kí wọ́n má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ìwé láìjẹ́ pé ojú òṣìṣẹ́ ìjọba rí i tó wa mọ́tò, tó sì fi ẹ̀yìn rìn. Èsì tí a ń rí gbà kò yí padà. "A ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀." "Ẹ fún wa láàyè." Ààyè wo ló tún kù? Sàréè ọmọ ọdún 24 ni ààyè tí a ti fún yín. Ẹnu géètì bárékè wa, wọ́n máa ń béèrè ẹni tí àlejò fẹ́ rí. Ó yẹ kí wọ́n béèrè láísẹ́ǹsì ẹni tó wà nídìí mọ́tò. Ohun kan náà là ń sọ fún àwọn fásitì wa, láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìlíṣàn.

Àwọn kan ní kí a fi orúkọ Arótilé sọ òpópónà. A fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Kó má kàn jẹ́ òpópónà tí ọmọ tí kò gbàwé ti ń fi rìfáàsì sáré.

Ọjọ́ Ẹtì yìí ni Iléyá. Kò ní sí Ojúde Ọba lọ́dún 2020 yìí nítorí àrùn Kòrónà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa yóò ti Èkó wálé, mọ́tò yóò há gbogbo àdúgbò, àwọn ọmọdé yóò sì dúró síta tí wọn yóò máa wo àgbò. Kí oṣù kẹjọ tó parí, a fẹ́ kí àwọn tọ́rọ̀ kàn sọ iye ènìyàn tó gba ìwé ìwakọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lọ́dún yìí fún wa, àti iye nínú wọn tí ẹnì kan rí tó wa mọ́tò kí wọ́n tó fún un. Nọ́ńbà méjì péré. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́ síbí. Bí wọn kò bá fi ránṣẹ́, a ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo lójú ewé yìí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, títí tí yóò fi dé.