Ẹ Yé Fi Sílíkóònù Dí Òrùlé Mọ́tò Mi

Ó ti sú mi! Bí òjò bá ti rọ̀ n'Íbàdàn báyìí, omi á máa gba etí gíláàsì orí òrùlé tó ń ṣí, ìyẹn “sunroof”, kán sí mi lórí nínú mọ́tò asáré mi, mẹkáníìkì á tún gbé sílíkóònù dé. Rọ́bà etí gíláàsì yẹn kò lè dá gbogbo omi dúró, wọn ò tilẹ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Gọ́tà kékeré wà lábẹ́ rẹ̀, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà ní igun rẹ̀ tó ń da omi sílẹ̀. Eruku àti ewé ló dí i! Ẹ fi okùn ọ̀rá gún un jẹ́jẹ́. Ẹ má fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ tipátipá, páìpù á já lábẹ́, omi á wá kún inú kápẹ́ẹ̀tì.

Ariwo atẹ́gùn tó ń han mí létí lọ́nà Èkó ńkọ́? Etí iwájú gíláàsì orí òrùlé yẹn ló yọ ga ju òrùlé lọ. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì tó dè é mú, kẹ́ ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Sílíkóònù yín ti lẹ̀ ẹ́ pa, kò ṣí mọ́!