Ẹ́síì 1.5 HP, BTU 12,000: èwo lòótọ́ nínú méjèèjì?

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ra ẹ́síì 1.5 HP lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àkọ́bí mi tó wà ní SS2 ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, ló bá gbé ìwé físíìsì rẹ̀ jáde. Ó ní HP ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ̀rọ, BTU ni wọ́n fi ń wọn ooru, pé HP kan jẹ́ BTU 2,545 ní wákàtí kan, pé 1.5 HP kò gbọdọ̀ ju bíi 3,800 lọ. Àmọ́ 12,000 ló wà lára páálí. Ṣé ẹni tó tà á fún mi rẹ́ mi jẹ ni?

Ọmọ Ládìípọ̀:
Ìrẹ́jẹ ni, mà. HP kan jẹ́ wáàtì 746, ìyẹn Joule 746 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, BTU kan jẹ́ Joule 1,055. Bó ṣe wù kẹ́ ẹ ṣe é, 2,545 náà ni yóò já sí. Ẹ dá a padà fún wọn.

Bọ̀dá Ẹ́síì, Ojúẹlẹ́gbà:
Ẹ má dá nǹkan kan padà o, Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ mi nìyí. Ìṣirò ọmọ yín ò ní àbùkù, ohun tó fi wé ara wọn ni kò bára mu. HP yẹn, iṣẹ́ tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnnì inú ẹ́síì, ń ṣe ni wọ́n fi ń júwe. BTU 12,000 ni ooru tó ń kó kúrò nínú yàrá ní wákàtí kan. Ẹ́síì kì í sọ iná di òtútù, ńṣe ló ń ru ooru láti inú ilé lọ síta. Ẹ wo alábàárù ní Ìdúmọ̀tà: tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye ẹrù tó gbé, ẹ̀bà tó jẹ láàárọ̀ kọ́ lẹ máa wọ̀n.

Ọmọ Ládìípọ̀:
Bọ̀dá, ẹ ṣeun, àmọ́ kò tíì yé mi. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ 1.5 HP jẹ wáàtì 1,119, ooru wáàtì 3,517, ìyẹn BTU 12,000 yẹn ní wákàtí kan, wá jáde. Ibo ni ìyókù ti wá? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ooru ẹ̀yìn ẹ́síì yí jẹnẹrétọ̀, ká bọ́ lọ́wọ́ owó iná.

Tíṣà Físíìsì, Yábàá:
Inú yàrá ni ìyókù ti wá, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń jáde lẹ́yìn ẹ́síì tiẹ̀ ju 3,517 lọ, torí iná tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ jẹ náà á di ooru, á bá a jáde.

Ti jẹnẹrétọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́. James Joule, ọmọ onílé ìpọntí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi òkúta ìwọ̀n tó ń sọ̀kalẹ̀ yí àjẹ̀ nínú omi, ó sì wọn bí omi náà ṣe gbóná tó. Ní 1850 ó tẹ èsì rẹ̀ jáde: páùn kan tó bá sọ̀kalẹ̀ ní 772 ẹsẹ̀ bàtà, iṣẹ́ rẹ̀ á mú omi páùn kan gbóná sí i ní dígírì Fahrenheit kan. Lónìí, 778 là ń lò. Pẹ̀lú àjẹ̀ àti òkúta! Orí mi máa ń wú nígbàkigbà tí mo bá ń kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n láti iṣẹ́ sí ooru ló gbà. Ọ̀nà yẹn gbòòrò, kò sí ohun tí kì í kọjá níbẹ̀. Dáńfó tọ́ọ̀nù méjì tó ń sá 72 kìlómítà ní wákàtí kan lórí afárá Third Mainland, tí dẹ́rẹ́bà bá fi bíréèkì dá a dúró pátápátá, Joule 400,000 di ooru lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn tó láti mú omi lítà kan kúrò ní dígírì 30 títí yóò fi hó, á sì tún ṣẹ́ kù.

Ọ̀nà àbọ̀, láti ooru padà sí iṣẹ́, ló há. Lítà bẹntiróòlù kan ní nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 9 nínú, iná tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ń yọ níbẹ̀ kì í sábà tó méjì. Ìyókù ń bá èéfín àti ara ẹ́ńjìnnì lọ. Láti 1824 ni Sadi Carnot, ará Faransé, ti ṣàlàyé pé bí ibi gbígbóná bá ṣe jìnnà sí ibi tútù tó ni ooru ṣe lè di iṣẹ́ tó. Ooru ẹ̀yìn ẹ́síì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ooru ìta Èkó. Kí ni yóò yí?

Bíríkìlà Bàrígà:
Tíṣà, mo tako yín níbì kan. Omi lítà kan tí ìyàwó mi fi ro ẹ̀bà, láti 30 dé 100, kálórì 70,000 ni, Joule 293,000 nìyẹn. Lébìrà mi gbé àpò sìmẹ́ǹtì 50 kílò lọ sókè mítà 12, Joule 5,900 péré. Nínú ìwé yín, omi ẹ̀bà yẹn yẹ kó gbé bíi àádọ́ta àpò. Ìkòkò wo ló gbé ẹyọ kan rí? Ẹ fi àmì dọ́gba sáàárín iṣẹ́ àti ooru lójú pátákó, ẹ ò sọ ti ọ̀nà tóóró yẹn, ọmọ á wá rò pé ẹni tó ta ẹ́síì fún ìyá òun lolè.

Tíṣà Físíìsì, Yábàá:
Ẹ jàre níbẹ̀, ọ̀gá. Ọjọ́ kan náà ló yẹ ká máa kọ́ wọn ní méjèèjì. Àmọ́ mi ò ní pa àmì náà rẹ́. Tí kò bá sí i, báwo lẹ̀ bá ṣe mọ̀ pé àádọ́ta àpò ló yẹ kó jẹ́? Òun ló jẹ́ ká mọ iye tó bọ́ sọ nù.

Bíríkìlà Bàrígà:
Ti ìyẹn, mo gbà.

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè:
Ọmọ mi ti ka gbogbo ẹ̀. Ó pín 3,517 sí 1,119, ó ní mẹ́ta lé díẹ̀. Ó fẹ́ ka mítà lálẹ́ òní, wákàtí kan gbáko, ẹ́síì nìkan, kó rí i bóyá 1,119 yẹn ló ń jẹ lóòótọ́. Mo ti bá a pa fíríìjì.

Ọmọ Ládìípọ̀:
Ẹ bá wa gbé nọ́ńbà náà wá síbí, mà. Mò ń retí ẹ̀.